Àgbọn Àgbádárìgì: Èròjà Inú Rẹ̀ àti Oore Rẹ̀ fún Ara

Àgbọn ni èso igi tí àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ń pè ní Cocos nucifera, tó bá igi ọ̀pẹ tan. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò sí ibi tí a mọ̀ mọ́ àgbọn tó agbègbè Àgbádárìgì, láti Kankon àti àwọn ìletò Ògù, tí Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, títí dé bodè Sèmè. Igi yìí fẹ́ràn yanrìn, oòrùn àti òjò, kò sì bẹ̀rù atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń fẹ́ wá láti òkun. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ kan, LASCODA, tó ń bójú tó ọ̀gbìn rẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣe ọdún àgbọn tí wọ́n ń pè ní Agunkefest ní Àgbádárìgì.

Àlejò ni igi àgbọn ní etíkun yìí. Lẹ́yìn tí Vasco da Gama, atukọ̀ ọmọ Potogí, gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà kọjá dé Íńdíà ní 1498 ni àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kó o bọ̀ láti Òkun Íńdíà wá sí Cape Verde àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìwádìí DNA tó jáde ní 2011 fi hàn pé àgbọn etí Òkun Àtìláńtíìkì bá ti Òkun Íńdíà tan lóòótọ́. Èso rẹ̀ ń lo nǹkan bí ọdún kan kó tó gbó. Bó bá tó oṣù 6 sí 8, omi ló kún inú rẹ̀. Bó ṣe ń gbó sí i ni inú funfun rẹ̀ ń nípọn, tí ọ̀rá sì ń pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àgbọn ń ṣe fún ara ní láti ya inú funfun rẹ̀, òróró rẹ̀ àti omi rẹ̀ sọ́tọ̀. Oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ àgbọn ni kí a ka oore ọ̀kan sí èkejì lọ́rùn.

Nínú 100 gíráàmù inú funfun tútù, kálórì 354 ló wà níbẹ̀, ọ̀rá gíráàmù 33, fáíbà gíráàmù 9, àti èròjà amúaradàgbà gíráàmù 3 péré. Fáíbà yẹn ni ọrọ̀ rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ fáíbà tó gíráàmù 25, ó kéré tán, lójúmọ́. Ìwọ̀n àgbọn yìí sì ti fúnni ní ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Fáíbà yìí ló ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, tí kì í jẹ́ kí ṣúgà inú oúnjẹ sáré wọ ẹ̀jẹ̀. Máńgánísì àti áyọ́ọ̀nù náà wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n fítámì C inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílígíráàmù 3 lọ. Èso kíwì, tí wọ́n ń kó wọ̀lú láti òkè òkun tí owó rẹ̀ sì ga, ní nǹkan bí 93. Ìbẹ́pẹ ní bí 60. Gúáfà tó ń so lẹ́yìnkùlé wa sì ju 200 lọ. Ẹni tó ń wá fítámì C kò ní láti ná owó kíwì, kò sì gbọdọ̀ gbójú lé àgbọn.

Gàrí àti àgbọn, àgbàdo sísè àti àgbọn, gúrúdì: bí a ṣe ń jẹ ẹ́ jù lọ nìyí, wọ́n sì ń yó ènìyàn. Ohun tí wọ́n ṣaláìní ni amúaradàgbà. Frejọ̀n ló sàn jù lójú tèmi, ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi omi wàrà àgbọn sè, tí àwọn Àgùdà ìlú Èkó mú bọ̀ láti Brazil, tí wọ́n sì ń fi ẹja jẹ lọ́jọ́ Good Friday. Ẹ̀wà àti ẹja ló kún àlàfo tí àgbọn fi sílẹ̀. Oúnjẹ yìí yẹ lórí tábìlì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ.

Òróró àgbọn ni ariwo pọ̀ lé lórí. Wọ́n ń tà á bí ẹni ń ta oògùn gbogbo àìsàn. Ó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ tó jẹ́ irú ọ̀rá tó máa ń dì nígbà òtútù. Ṣíbí ìjẹun méjì péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìwọ̀n irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lójúmọ́. Ní 2017, American Heart Association, àjọ tó ń rí sí ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, gbà wá nímọ̀ràn pé kí a má fi ṣe òróró jíjẹ. Ní 2020, àkójọpọ̀ ìwádìí 16 fi hàn pé ó ń mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú lọ sókè ju àwọn òróró bíi ti sóyà lọ. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí àwọn ará erékùṣù Tokelau, tí ìwádìí 1981 sọ pé àgbọn ló ń fún wọn ní èyí tó ju ìdajì agbára oúnjẹ wọn, síbẹ̀ tí àìsàn ọkàn kò wọ́pọ̀ láàárín wọn nígbà náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n odindi àgbọn àti ẹja ni wọ́n ń jẹ nígbà náà, kì í ṣe òróró inú ìgò. Fún irun àti awọ gbígbẹ, òróró àgbọn dára gan-an, ibẹ̀ ni kí a fi í sí.

Omi rẹ̀ ńkọ́? Láyé àtijọ́, wọ́n ní kí ọmọdé má mu ún, pé ó ń sọ ọmọ di olódo. Kò sí ẹ̀rí kankan fún èyí. Omi gidi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ kéré ju ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ dáadáa, ife kan sì lè ní potásíọ́mù bíi mílígíráàmù 600, tó ju ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ. Potásíọ́mù wà lára ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, kò tó: iyọ̀ inú rẹ̀ kéré ju ohun tí ara ọmọ ti pàdánù lọ. ORS, àpòpọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà, ni kí a pò mọ́ omi fún un, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ kò gbọdọ̀ fi omi àgbọn ṣeré rárá, nítorí potásíọ́mù tó ń ṣe ẹlòmíràn lóore lè kóra jọ nínú ẹ̀jẹ̀ tiwọn, kó sì dá ọkàn dúró. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó gbé e sẹ́nu.