Ẹsẹ̀ Mẹ́rin, Ẹsẹ̀ Mẹ́fà: Ìtàn Ìdánimọ̀ Àwọn Labalábá Ajọra láti Èkó dé Yábàá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní labalábá fi ara wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Àpilẹ̀kọ yìí dá lé labalábá tó fi ara wé labalábá mìíràn, àti bí a ṣe kọ́ láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní 1758 ni Linnaeus fún labalábá dúdú alámì funfun kan lórúkọ. Amauris niavius là ń pè é lónìí. Ara rẹ̀ korò lẹ́nu ẹyẹ. Papilio dardanus ń gbé inú igbó bíi tirẹ̀. Akọ dardanus ní àwọ̀ ìyeyè, ìrù sì wà lẹ́yìn apá rẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, abo rẹ̀ kò ní ìrù. Dúdú àti funfun ni, bíi niavius gan-an. Nígbà tí Fabricius rí abo yìí ní 1793, ó pè é ní hippocoon, bí ẹni pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Ní 1869 ni Roland Trimen fi hàn pé irú abo bẹ́ẹ̀ àti akọ onírù jẹ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo.

Ẹ̀rí tó dájú jù ni kí a sin ọmọ láti inú ẹyin. Irú iṣẹ́ yìí ni W. A. Lamborn ṣe ní agbègbè Èkó ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, tó ń fi kòkòrò ránṣẹ́ sí E. B. Poulton ní Oxford.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan Yábàá. Nínú ilé ìwádìí West African Council for Medical Research níbẹ̀, ẹ̀fọn ni iṣẹ́ John Boorman. Ní 1956, òun àti J. S. Porterfield tẹ ìwádìí jáde lórí bí ẹ̀fọn ṣe ń kó kòkòrò àrùn Zika ràn. Ní 1957, òun àti Patrick Roche bẹ̀rẹ̀ ìwé àwòrán àwọn labalábá Nàìjíríà, èyí tí Ibadan University Press tẹ̀ jáde. Iṣẹ́ méjèèjì bára mu: ẹni tó bá ṣi ẹ̀fọn kan mú fún òmíràn yóò gbé ẹ̀bi àrùn lé aláìṣẹ̀ lórí.

Kí ni a fi ń mọ abo dardanus? Ẹsẹ̀ ni. Mẹ́fà ló fi ń dúró. Mẹ́rin ni niavius ń lò, nítorí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti kéré jù.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe eré. Bí niavius bá tán nínú igbó, ẹ̀wù àyálò kò ní gba dardanus mọ́ lọ́wọ́ ẹyẹ. Bí a bá sì ń pe méjèèjì ní labalábá lásán, ọ̀kan lè run kí a má mọ̀.