Ta Ló Ni Orí Afẹ́fẹ́?

Láti ọdún 1970 ni Prince George's County tí mò ń gbé ti ní ìwé òfin ìṣàkóso tirẹ̀. À ń dìbò yan olórí káńtì, à ń dìbò yan ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá panu pọ̀ lónìí, wọn ò lè fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti dá iléeṣẹ́ rédíò sílẹ̀ ní Bowie tàbí Lanham. FCC ní Washington ló ni àṣẹ yẹn, láti ìgbà òfin 1934. Ẹni tó bá fagídí sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láìgbàṣẹ, òfin 2020 gbà kí wọ́n bu ìtanràn tó 100,000 dọ́là lé e lójúmọ́, títí dé mílíọ̀nù méjì.

Kí ìjọba wà lọ́wọ́ ẹni, kí afẹ́fẹ́ má sí lọ́wọ́ ẹni, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ibi tó ti hàn kedere ni Isle of Man, erékùṣù kékeré kan tó wà láàárín England àti Ireland. Ọba Gẹ̀ẹ́sì lọba wọn, àmọ́ wọn kì í ṣe ara United Kingdom. Wọ́n ní ilé aṣòfin tiwọn, Tynwald, tí wọ́n ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún.

Ní July 1964, ọkọ̀ Radio Caroline sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀ létí òkun Ramsey, ó ń kọrin sí àríwá England. Inú àwọn ará erékùṣù dùn, torí ó ń polówó ìlú wọn fáwọn tó ń wá ibi ìsinmi. Lọ́dún kan náà ni Manx Radio tiwọn bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n London ló ń pinnu bí agbára rẹ̀ ṣe máa tó, ohùn rẹ̀ ò sì lọ jìnnà.

Ní 1967, London ṣòfin pé ẹni tó bá gbé oúnjẹ tàbí ìpolówó fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí erékùṣù náà ṣe irú rẹ̀. Àwọn aṣòfin ibẹ̀ ní àwọn ò ṣe. Ni London bá fi àṣẹ Ọbabìnrin na òfin náà dé ọ̀dọ̀ wọn ní ìparí August. Síbẹ̀ Caroline ò lọ. Gbèsè ló jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà kúrò ní March 1968.

Ká má purọ́, London ní àwíjàre. Ìgbì rédíò ò mọ ẹnubodè. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa pín in, kí orin má bàa bo ohùn ọkọ̀ tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ lójú òkun. Ohun tó dun àwọn ará erékùṣù ni pé wọ́n bi wọ́n, wọ́n dáhùn, ìdáhùn wọn ò já mọ́ nǹkankan.

Ta ni ò ní rántí Ìbàdàn? Ní 1953, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sọ̀rọ̀ sí Awólọ́wọ̀ àtàwọn èèyàn rẹ̀. Wọn ò gbà kí Awólọ́wọ̀ fèsì níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin ìpilẹ̀ tuntun gba àwọn ẹkùn láyè láti ní iléeṣẹ́ tiwọn. Ìwọ̀-Oòrùn lo àyè yẹn: ní 31 October 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn. Nígbà tó yá, Dìkírì 24 ti 1977 kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì ka àṣẹ náà sẹ́yìn dé April 1976. Lábẹ́ ológun, kò tiẹ̀ sí ilé aṣòfin tí wọ́n máa bi.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fojú kéré àyè tín-ń-tín tí FCC ṣí sílẹ̀ láti 2000: rédíò tí agbára rẹ̀ ò ju 100 wáàtì lọ, fún ẹgbẹ́ tí kì í ṣòwò. Ó máa ń dé bíi máìlì mẹ́ta àbọ̀. Wọn kì í gba ìwé ìbéèrè nígbàkigbà. Ní December 2023, wọ́n ṣílẹ̀kùn fúngbà díẹ̀. Bí wọ́n bá tún ṣí i, tí àyè bá wà lórí afẹ́fẹ́, ó yẹ kí ìwé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ti wà nílẹ̀. Owó aṣọ ẹbí ọdún kan lè ṣe é débì kan. Máìlì mẹ́ta àbọ̀ tó kí ọmọ kan ní Hyattsville gbọ́ Yorùbá nínú mọ́tò bàbá ẹ̀.