Yorùbá Wo Ló Ń Ṣe Rọ́ọ̀kì? Ìtàn BLO, Láti Ọ̀dọ̀ The Clusters Dé Inú Jùjú

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi ìgbéyàwó ọmọ ará wa kan ní Bosso, DJ fi Ace ti Shina Peters sí i. Gbogbo àgbà tó wà lábẹ́ kánópì ló dìde. Orúnkún tó ti ń dùn mí láti àárọ̀ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá bi mí pé, "Dádì, ìlù òyìnbó inú orin yìí mà le o, ta ló ṣe é?" Mo ní ẹni tó darí ìgbohùnsílẹ̀ àwo yẹn ni Laolu Akins, onílù rọ́ọ̀kì sì ni tẹ́lẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Yorùbá wo ló ń ṣe rọ́ọ̀kì?"

Nítorí ẹ̀rín yẹn ni mo ṣe jókòó kọ eléyìí.

Láàárín ọdún 1960 sí 1970, nígbà tí háílàìfù ṣì ń jọba ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Èkó, àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ Beatles lórí rédíò, wọ́n sì ń ṣe é bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. The Clusters wà lára wọn, inú ẹgbẹ́ yẹn sì ni Laolu Akins (Akíntóbi ni orúkọ rẹ̀ gan-an), Berkley Jones tó ń ta gìtá, àti Mike Gbenga Odumosu tó ń ta béèsì ti jáde. Orin ẹlòmíì ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, ká má purọ́. Nígbà tó yá, ó sú wọn. Wọ́n lọ bá àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, wọ́n dá Afro Collection sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Òkè Ọya, ẹ gbọ́ o: Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti bí àwọn ìbejì yẹn, lọ́dún 1948!

Lọ́dún 1971, Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ní ìlú ọba, fi ọkọ̀ Range Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó gba àríwá wọ Nàìjíríà. Ọ̀rẹ́ Fẹlá ni. Ó kó àwọn ọmọ yìí jọ, wọ́n pe ẹgbẹ́ náà ní Salt, wọ́n sì bá a dé ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣeré ní Munich lásìkò Òlíḿpíìkì 1972. Ṣùgbọ́n Salt ò pẹ́ tó fi túká, lọ́dún yẹn náà ni.

Àwọn mẹ́ta tó kù wá mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ wọn: B fún Berkley, L fún Laolu, O fún Odumosu. BLO dé nìyẹn. EMI gbé Chapter One jáde lọ́dún 1973. Ọkùnrin mẹ́ta péré: gìtá, béèsì, ìlù. Kò sí fèrè, kò sí gángan. Ẹ rántí pé lásìkò yẹn, tí Obey tàbí Sunny bá gorí ìtàgé, èrò rẹpẹtẹ ló máa ń tẹ̀ lé wọn. Àwo náà dùn, àmọ́ kò tà bí wọ́n ṣe rò.

Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ kò le. Olórin jùjú mọ orúkọ bàbá rẹ, ó mọ ìlú rẹ, tó bá ti pè é, owó á jáde lápò láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ BLO ò ki ẹnikẹ́ni. Ta ló máa ná wọn lówó?

Wọ́n kúrò lọ́dọ̀ EMI lọ sí Afrodisia. Phase II àti Step Three jáde lọ́dún 1975. Díẹ̀díẹ̀ ni rọ́ọ̀kì ń di fọ́ǹkì lọ́wọ́ wọn, fọ́ǹkì náà sì di dísíkò. Odumosu lọ sí London lọ bá Osibisa. Nígbà tó fi máa di 1982, ó parí.

Akins ò ju iṣẹ́ sílẹ̀ ní tiẹ̀. Ó bọ́ sẹ́yìn gíláàsì ní sítúdíò, ó ń ṣe àwo fún àwọn ẹlòmíì. Shina Peters ti kékeré wà lọ́dọ̀ Prince Adékúnlé, ó ti bá Ṣẹ́gun Adéwálé ṣe ẹgbẹ́ rí, kó tó wá dá dúró. Lọ́dún 1989, òun àti Akins ṣe Ace fún CBS. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà nígbà yẹn, kí lẹ tún fẹ́ kí n sọ? Eré sísá ló bọ́ sínú jùjú, kò tún rìn mọ́.

Ohun tó ń dùn mí ni pé London ni wọ́n ti tún kó orin BLO jọ, ilé iṣẹ́ Strut ló gbé e jáde lọ́dún 2001. Àwọn òyìnbó ń wá ojúlówó àwo yẹn bí ẹni ń wá wúrà, nígbà tí àwa ń fi tiwa bo ìkòkò omi. Kẹ́hìndé Lijadu ti kú lọ́dún 2019.

Mo fi Chapter One sórí fóònù fún ọmọkùnrin yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ìrẹsì rẹ̀ tutù, kò kà á sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí bàbá rẹ̀ kó rẹ́kọ́ọ̀dù bọ̀ láti Èkó, kó yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Tó bá rí ọ̀kankan, kó má tà á o, kó yà á ní fọ́tò fún wa.