Ìlà Kan Tó Ń Sọ Ẹni Tó Wọlé

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wọ́n ní Niamey, mo máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú ilé sáíbà kan ní Yantala. Ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo kọ̀ǹpútà wa ń gbà jáde, nítorí náà, lójú sáfà tó wà ní Yúróòpù, ẹyọ ènìyàn kan ni gbogbo oníbàárà wa. Bí ẹnì kan bá lu jìbìtì tí wọ́n sì dí àdírẹ́ẹ̀sì wa, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti fara gbá ọ̀ràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó ṣe wá ṣe odindi orílẹ̀-èdè. Bí ọdún 2006 ṣe ń yí sí 2007, Wikipedia dí àdírẹ́ẹ̀sì IP kan nítorí àwọn tó ń ba ojú-ewé jẹ́. Àṣé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ará Qatar ń gbà wọlé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà àbáyọ ti wà nílẹ̀. Àwọn tó ṣe Squid, ètò prọ́síì (aṣojú tó ń bá kọ̀ǹpútà gbé ìbéèrè lọ sí sáìtì) tí Duane Wessels bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1996, ló mú ìlà X-Forwarded-For wá sínú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Kí prọ́síì kan tó fi ìbéèrè ránṣẹ́ síwájú, yóò kọ àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó fi í rán an sí ìparí ìlà náà. Kò sí òfin tó pàṣẹ rẹ̀ nígbà náà, àṣà lásán ni. Nígbà tí Opera Mini tàn káyé ní 2006, tí ọ̀pọ̀ wa fi fóònù kékeré wọ íntánẹ́ẹ̀tì, sáfà Opera ló ń bá wa mú ojú-ewé wá, ìlà yìí ló sì ń sọ fún sáìtì ibi tí ìbéèrè ti wá gan-an. Òṣìṣẹ́ Opera náà ni Andreas Petersson àti Martin Nilsson, tí wọ́n kọ ìwé RFC 7239 ní oṣù kẹfà 2014. Ìwé yìí sọ àṣà náà di ìlànà, ó sì fún un ní orúkọ tuntun, Forwarded.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ irọ́ sí ìlà náà, ibí yìí ló sì ń dùn mí jù. Mo ti rí sáìtì tó ń gba àdírẹ́ẹ̀sì iwájú pátápátá gbọ́. Olè tó ń dán ọ̀rọ̀ aṣínà oníbàárà wò kàn ń pààrọ̀ irọ́ ni, ìdínà kankan ò mú un. Ẹ̀yin tó ń tọ́jú sáìtì, láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa kà á. Ẹ fo àwọn prọ́síì tí ẹ mọ̀ dájú. Àdírẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí kì í ṣe tiwọn ni ti oníbàárà. Lórí sáfà nginx, set_real_ip_from ni ẹ ó fi dárúkọ àwọn tí ẹ gbọ́kàn lé, ẹ ó sì tan real_ip_recursive.

Síbẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì IPv4 kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ láyé. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ fóònù ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀rọ tó ń ṣe é kì í sì í kọ ohunkóhun sí ìlà náà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ yín, àkáǹtì rẹ̀ ni kí ẹ dí.