Ọpọ́n Ayò àti Ogun Ìbàdàn

Nínú gbogbo eré àwọn baba wa, ayò ọlọ́pọ́n ni ó sún mọ́ iṣẹ́ ológun jù lọ. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ ayò lè rò pé ẹni tí ọmọ pọ̀ sí níwájú rẹ̀ ni ó ń borí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí a bá jẹ nìkan ni tiwa. Ilé tí ó ní ọmọ kan tàbí méjì péré sì ni ó wà nínú ewu, nítorí bí ẹnìkejì bá fi ọmọ tí ó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀ kún un, ó di jíjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ìtàn Ìbàdàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840 ni agbára wọn ti ń gbòòrò. Wọ́n fọ́ Ìjàyè ní 1862. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì kí ó máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ajẹ́lẹ̀ kan láàrin ìlú tí inú ń bí, bí kò ṣe ilé ayò tí ó ní ọmọ kan ṣoṣo? Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀, ogun Kírìjì sì gbóná.

Ọ̀rọ̀ ọrọ̀ tún wà níbẹ̀. Ìbàdàn kò ní etí òkun. Ọ̀nà Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni ìbọn àti ẹ̀tù wọn ń gbà wọlé. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó ń fún àwọn ológun ní ohun ìjà láwìn, ni wọ́n pa ní 1874. Nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà ní 1877, ẹ̀tù di ọ̀wọ́n. Àwọn Èkìtìparapọ̀ ní tiwọn ń rí ìbọn ìgbàlódé gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó. Ọrọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà rẹ̀ wà lọ́wọ́ aládùúgbò tí a ti bí nínú, ọmọ ayò ojú ọpọ́n ni.

Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká títí di 1893. Òfin ayò ni pé kí a fi ohun tí ẹnìkejì yóò ta sílẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni kì í dá ayò ta. Àwọn alágbára ilẹ̀ wa gbàgbé òfin yìí. Kò sí ẹni tí ó jẹ àjẹborí nínú wọn. Òyìnbó ni ó wá ká ọpọ́n.