Àwọn àṣàyàn ìbẹ̀rẹ̀ Vim

Àwọn àṣàyàn ìbẹ̀rẹ̀ Vim ni àwọn àmì kúkúrú tí a máa ń kọ tẹ̀lé orúkọ ètò náà lórí ìlà àṣẹ kọ̀ǹpútà, láti sọ fún un bí yóò ṣe ṣí fáìlì. Vim jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ lásán, tí a sì fi ń ṣàtúnṣe rẹ̀. Ó wà fún Linux, macOS àti Windows. Àwọn àṣàyàn yìí máa ń dín àkókò iṣẹ́ kù, àwọn kan nínú wọn sì lè gba iṣẹ́ tó fẹ́ ṣòfò là.

Ìtàn

Bill Joy ni ó kọ vi, tí Vim ti ṣẹ̀ wá, ní University of California ní Berkeley ní ọdún 1976. Bram Moolenaar, ọmọ orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, gbé Vim jáde ní ọdún 1991 fún kọ̀ǹpútà Amiga. Kò gba owó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọ àwọn tó ń lò ó láti ta àwọn ọmọdé Kibaale ní Ùgáńdà lọ́rẹ. Moolenaar kú ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 2023.

Ìgbékalẹ̀

Orúkọ ètò ni ó máa ń ṣáájú, àṣàyàn yóò tẹ̀lé e, orúkọ fáìlì yóò sì kẹ́yìn:

vim -R ise.txt

Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà: -r ń gba iṣẹ́ padà, -R sì wà fún kíkà nìkan. Bí orúkọ fáìlì bá fi àmì - bẹ̀rẹ̀, a ó kọ́kọ́ kọ -- kí Vim má baà rò pé àṣàyàn ni.

Àwọn àṣàyàn tó wọ́pọ̀

- +25 : ó ń ṣí fáìlì sí ìlà 25. Bí a bá kọ + nìkan, ìlà ìkẹyìn ni yóò lọ.
- +/Timi : ó ń lọ sí ibi àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà, «Timi», ti hàn.
- -R : kíkà nìkan. Vim yóò kìlọ̀ kí a tó fi àyípadà pamọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹnu mọ́ ọn lè fi í pamọ́.
- -M : ó le ju -R lọ, nítorí kò gba àyípadà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.
- -o àti -O : wọ́n ń ṣí fáìlì púpọ̀ pọ̀. -o ń tò wọ́n lé ara wọn lórí, -O ń tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.
- -d : ó ń fi fáìlì méjì wéra, ó sì ń fi ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ hàn.
- -c : ó ń mú àṣẹ kan ṣẹ lẹ́yìn tí fáìlì àkọ́kọ́ bá ti ṣí. --cmd ń mú tirẹ̀ ṣẹ kí Vim tó ka fáìlì ètò oníṣẹ́, ìyẹn vimrc.
- -u NONE : Vim kò ní ka vimrc rárá. Èyí ni a fi ń mọ̀ bóyá inú vimrc ni àṣìṣe wà.
- -x : ó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sì ń fi í ti fáìlì náà. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kò ní lè ka iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.
- -n : Vim kò ní ṣe fáìlì ìpamọ́ onígbà díẹ̀, nítorí náà kò ní sí ohun tí a ó gbà padà bí iná bá lọ.

Gbígba iṣẹ́ padà

Ní Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí Federal Polytechnic, Redeemer's University àti Adeleke University wà, akẹ́kọ̀ọ́ lè máa tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lọ́wọ́ kí iná lọ lójijì. Ohun tí kò tíì fi pamọ́ lè má ṣòfò. Bí a bá ń kọ ise.txt, Vim ń tọ́jú fáìlì onígbà díẹ̀ kan, .ise.txt.swp, sínú fódà kan náà. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ó ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun síbẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà 200, tàbí bí a bá dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 4.

Nígbà tí iná bá dé:

1. Kọ vim -r, láìfi orúkọ fáìlì kún un, láti rí àwọn fáìlì onígbà díẹ̀ tó wà.
2. Kọ vim -r ise.txt láti gba iṣẹ́ náà padà.
3. Yẹ̀ ẹ́ wò, kí o sì fi í pamọ́ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, bí àpẹẹrẹ :w ise2.txt.
4. Fi vim -d ise.txt ise2.txt wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì.
5. Nígbà tí ó bá dá ọ lójú pé gbogbo rẹ̀ pé, pa .ise.txt.swp rẹ́.

Ẹni tó bá ṣí fáìlì náà láìlo -r yóò rí ìkìlọ̀. Lẹ́tà R níbẹ̀ ń gba iṣẹ́ padà, Q ń jáde, D sì ń pa fáìlì onígbà díẹ̀ rẹ́. Kí ènìyàn má ṣe tẹ D kí ó tó gba iṣẹ́ rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan náà máa ń jáde bí fáìlì bá ṣì wà ní ṣíṣí nínú fèrèsé mìíràn. Q ni ó yẹ níbẹ̀.

Lílò fún èdè Yorùbá

Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní: ọ àti àmì ohùn òkè ni a so pọ̀. Bí Vim kò bá lo UTF-8, wọn yóò hàn bí àmì rúdurùdu. A lè kọ:

vim --cmd "set encoding=utf-8" ise.txt

Bí ọ̀rọ̀ bá ti hàn ní rúdurùdu, kí a fi :q! jáde láìfi í pamọ́, kí a tó tún un ṣí báyìí.

Nínú àwọn ètò mìíràn

Nano àti Emacs náà ń lo +25 láti lọ sí ìlà kan. Ní nano, -v ni ó dúró fún kíkà nìkan. Ní Emacs, -Q ń bẹ̀rẹ̀ ètò láìka fáìlì ètò oníṣẹ́, -nw sì ń ṣí i sínú terminal.