Ojú Irin Kékeré tó Gba Ìdó Wọ Màrínà

Ará Àddó nítòsí Ajah tó bá fẹ́ tètè dé Màrínà láàárọ̀ gbọ́dọ̀ jí kí àkùkọ tó kọ, kó wọ dáńfó ní Ajah, kó sì máa bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yí títí dé Ọbáléndé. Ọkọ̀ ojú irin kò dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1902 ni Màrínà tí wọ́n ń lọ ti ní ojú irin tirẹ̀.

Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, oṣù Kẹta ọdún 1901 sì ni Gómìnà William MacGregor ṣí i. Ìdó ni ọkọ̀ náà ń dúró, bẹ́ẹ̀ ọ̀sà ló wà láàárín Ìdó àti Èkó gan-an. Ẹni tó bá kó ẹkùrọ́ wá láti òkè yóò sọ̀ ọ́ ní Ìdó, nígbà tó jẹ́ pé Màrínà ni àwọn ilé ìṣòwò ńlá wà. Afárá Carter, tí wọ́n fi orúkọ gómìnà àtijọ́ Gilbert Carter pè, ló so ibi méjèèjì pọ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ irin kékeré náà gbà, tí ọkọ̀ eléèéfín fi ń gbé èrò wọ àárín ìlú.

Irin tó lọ sí Ìbàdàn fẹ̀ tó mílímítà 1,067. Ti inú ìlú yìí kò ju 762 lọ. Ọkọ̀ ẹrù tó bá ti òkè dé kò lè gun irin kékeré. Àfi kí wọ́n já ẹrù kúrò nínú ọ̀kan, kí wọ́n tún dì í sínú èkejì. Lójú tèmi, níbẹ̀ gan-an ni àbùkù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: àwọn tó ṣe é kò ṣe é bí ohun tí yóò dàgbà. Nígbà tí ọdún 1913 fi máa parí, wọ́n ti dẹ́kun kíkó èrò.

Irin náà kò tíì kú o. Láti nǹkan bí ọdún 1906 ló ti ní iṣẹ́ mìíràn, tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ṣáláńgá onígarawa ni ará Èkó ń lò nígbà náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn agbépòó á kó garawa jọ síbi tí ọkọ̀ ti ń gbà á, ọkọ̀ á wọ́ ọ lọ sí èbúté kan létí ọ̀sà, wọ́n á sì dà á sómi. Ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí gidigidi, nítorí ìlú tí ilé fún mọ́ra bí Èkó kò lè gbé ọ̀sẹ̀ kan láìsí wọn. Àìsàn ò jìnnà: ní 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, òun ló sì mú kí ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Ọdún 1933 ni ọkọ̀ òru náà dúró pátápátá.

Èmi ò bínú pé wọ́n pa á tì, torí ó ti kéré jù. Ohun tó dùn mí ni pé wọn ò fi irin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló gba gbogbo ojú ọ̀nà, ti ilé-iṣẹ́ Zarpas, tí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó rà ní 1958, lẹ́yìn náà mólúè àti dáńfó. Gómìnà Lateef Jákàńdè gbé ètò ojú irin Metroline kalẹ̀, ìjọba ológun sì fagi lé e ní 1985. Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó tún gbé èrò wọ Màrínà títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tí Blue Line bẹ̀rẹ̀ láti Mile 2. Ìyẹn ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn tí èrò ìkẹyìn sọ̀ kalẹ̀ nínú ti àtijọ́.

Ètò ìpínlẹ̀ Èkó ní ojú irin kan nínú tí wọ́n ń pè ní Green Line, tí yóò gba Màrínà lọ sí ìhà Lẹ́kí. Òun ni ará Àddó ń retí.